Chukotka: Àlejò Ló Lọ, Onílé Wà Nílé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Níbi tí mo ti ń ṣètò iṣẹ́ lórí ìkànìyàn fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ni mo ti rí agbègbè kan tó ń jẹ́ Chukotka, lókè àríwá Rọ́ṣíà. Ènìyàn 163,934 ni wọ́n kà níbẹ̀ ní 1989. Ní 2002, 53,824 péré ló kù. Ṣé ogun ni, àbí àjàkálẹ̀ àrùn? Ibo ni àwọn ènìyàn náà wọlé sí? Èkejì, ìwé kan ní abẹ́ ìpínlẹ̀ Magadan ni Chukotka wà, òmíràn ní ó dá dúró. Èwo ni ká gbà? Ẹ̀kẹta, bí ilẹ̀ náà bá ń jẹ́ orúkọ àwọn Chukchi, kí ló dé tí wọn kò fi ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ níbẹ̀? Kí ni kí n kọ fún àwọn ọmọ?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, olùkọ́ wa. Kì í ṣe ogun, kì í sì í ṣe àjàkálẹ̀ àrùn. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ẹ ń wá kò kú. Wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n wọ bàálù, wọ́n padà síbi tí wọ́n ti wá. Àwọn tó ni ilẹ̀ náà láti ọjọ́ aláyé ti dáyé kò lọ síbì kan. Ọ̀pọ̀ ìwé tó ń sọ̀rọ̀ Chukotka kì í ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kúrò lára wọn, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì wà.

Ẹ jẹ́ ká mú bírò, ká ṣírò ó. Láàrin 1989 sí 2002, ènìyàn 110,110 ló dín. Àwọn ẹ̀yà Rọ́ṣíà tó wà ní Chukotka ní 1989 jẹ́ 108,297. Nígbà tó di 2002, wọ́n ku 27,918. Àwọn ọmọ Ukraine jẹ́ 27,600, wọ́n ku 4,960. Bí ẹ bá ro àdínkù ẹ̀yà méjèèjì yìí pọ̀, ó lé ní 103,000. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó dín, ó ju mẹ́sàn-án lọ tó jẹ́ ọmọ Rọ́ṣíà tàbí ọmọ Ukraine. Àwọn Chukchi ńkọ́? Ní 1989, 11,914 ni wọ́n. Ní 2002, 12,622. Wọ́n tilẹ̀ lé sí i. Àwọn Yupik, tí wọ́n ń gbé létí òkun, kúrò ní 1,452 wọ́n di 1,534. Àwọn Even, ẹ̀yà onílé mìíràn, kúrò ní 1,336 wọ́n di 1,407. Àwọn Chuvan tí wọn ò tó ẹgbẹ̀rún kan, 944 ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n di 951. Gbogbo ìyẹn ṣẹlẹ̀ láàrin ọdún tí àwọn ìlú tó yí wọn ká ń tú.

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìkànìyàn 1939, Chukotka ní ènìyàn 21,537, Chukchi sì jẹ́ 12,111 nínú wọn: ó ju ìdajì lọ dáadáa, ìdá 56 nínú 100. Ní 1959, àpapọ̀ ti di 46,689, Chukchi jẹ́ 9,975. Ìdá wọn já sí 21. Ní 1970, àpapọ̀ di 101,184, wọ́n jẹ́ 11,001, ìdá wọn di bí 11. Ní 1989, ìdá wọn kò ju 7 lọ. Lẹ́yìn náà, ní 2002, ìdá náà fò sókè di 23. Ẹni tó bá gbé ìdá yìí nìkan lọ́wọ́ yóò sọ pé àwọn Chukchi fẹ́rẹ̀ẹ́ parun, kí wọ́n tó tún gbèrú lójijì. Kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì. Láti 1939 títí di 2010, nígbà tí wọ́n ka 12,772 Chukchi, iye wọn wà láàrin nǹkan bí 10,000 sí 13,000. Àlejò ló pọ̀, àlejò náà ló dín.

Kí n tó sọ ohun tó kó àlejò wá àti ohun tó lé wọn lọ, ẹ jẹ́ kí n júwe ibẹ̀ díẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọ bí ilẹ̀ náà ṣe rí kò ní lóye ìṣirò rẹ̀. Chukotka ni ibi tí ilẹ̀ Éṣíà parí sí ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 721,481 kìlómítà níbùú lóròó. Nàìjíríà wa jẹ́ 923,768. Ilẹ̀ tó tó bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún Nàìjíríà, tí ènìyàn inú rẹ̀ ní ìkànìyàn 2021 kò ju 47,490 lọ! Nínú gbogbo ẹkùn ìjọba Rọ́ṣíà, agbègbè Nenets nìkan ni ènìyàn rẹ̀ kéré ju tibẹ̀ lọ. Kò sí ojú irin tó so ó mọ́ ìyókù orílẹ̀-èdè náà, kò sì sí títì tí ọkọ̀ lè gbà jálẹ̀ ọdún. Bàálù ni, tàbí ọkọ̀ ojú omi ní ìwọ̀nba oṣù tí yìnyín bá fàyè sílẹ̀ lójú òkun. Bí aago méjìlá ọ̀sán bá lù ní Òṣogbo, aago mọ́kànlá alẹ́ ló lù ní Anadyr, olú ìlú wọn. Odò òkun tóóró tí wọ́n ń pè ní Bering ló là á láàrin sí Aláskà ti Amẹ́ríkà. Láàrin omi náà, erékùṣù méjì kọjú síra wọn, ọ̀kan ti Rọ́ṣíà, ọ̀kan ti Amẹ́ríkà, kò sì ju nǹkan bí kìlómítà mẹ́rin lọ láàrin wọn.

Àwọn Chukchi pín sí oríṣi méjì. Àwọn kan wà nínú ilẹ̀, wọ́n ń da ẹran reindeer, ẹran oníwo ńlá tó jọ àgbọ̀nrín, wọ́n sì ń bá a ṣí kiri bí àwọn Fúlàní ṣe ń bá màlúù kiri. Àwọn kejì wà létí òkun, wọ́n ń pa àbùùbùtán àti àwọn ẹran òkun tí wọ́n ń pè ní seal àti walrus, walrus ni èyí tó ní ehín gígùn. Àwọn ti etí òkun àti àwọn Yupik jọ ń gbé pọ̀ ni, àwọn Yupik yìí sì ní ìbátan ní Aláskà títí dòní. Ilé àwọn darandaran ń jẹ́ yaranga. Wọ́n á ri igi, wọ́n á fi awọ reindeer bò ó, á tóbi tó kí wọ́n dáná sí àárín rẹ̀. Lẹ́yìn náà, nínú yaranga yẹn kan náà, wọ́n á tún fi awọ onírun kọ́ yàrá kékeré kan bí àpótí, ibẹ̀ ni gbogbo ilé ń sùn. Fìtílà ọ̀rá kan ṣoṣo àti èémí àwọn tó wà nínú rẹ̀ tó láti mú un móoru débi pé wọ́n á bọ́ aṣọ, bí òtútù ìta tilẹ̀ ń pa igi.

Àwọn ará Rọ́ṣíà kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ní 1648, Semyon Dezhnev gba ojú omi yí etí Éṣíà po, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì tẹ ibùdó kan dó lẹ́bàá odò Anadyr. Ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè, awọ ẹran onírun ni wọ́n sì fi ń san án. Àwọn Chukchi ò gbà. Ogun tó tìdí ẹ̀ yọ le púpọ̀. Ní 1747 wọ́n pa Dmitry Pavlutsky, ọ̀gágun tí Rọ́ṣíà rán láti tẹ̀ wọ́n lórí ba. Nígbà tó yá, ìjọba Rọ́ṣíà rí i pé owó tí òun ń ná sórí odi Anadyr ju ìṣákọ́lẹ̀ tó ń wọlé lọ fíìfíì. Wọ́n pinnu ní 1764 láti pa odi náà tì, wọ́n sì wó o pátápátá ní 1771. Ohun tí ìbọn kò lè ṣe, ọjà ló ṣe é: wọ́n dá ọjà ọdọọdún sílẹ̀, àwọn Chukchi ń gbé awọ àti ehín walrus wá, wọ́n ń gba irin, tábà àti tíì lọ. Kódà nígbà tí ìjọba ọba Rọ́ṣíà ṣe òfin ńlá ní 1822 lórí bí wọn yóò ṣe máa ṣàkóso àwọn ẹ̀yà Saibéríà, wọ́n kọ àwọn Chukchi sí ìsọ̀rí àwọn tí kò tíì sí lábẹ́ àkóso tán. Ìṣákọ́lẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ san ni wọ́n ń san.

Mo fẹ́ kí ẹ tẹnu mọ́ èyí fún àwọn ọmọ, nítorí àwòrán ilẹ̀ máa ń mú ká rò pé gbogbo ibi tí wọ́n kun ní àwọ̀ kan ti wà lábẹ́ ọba kan láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọkọ̀ apẹja àti oníṣòwò láti Amẹ́ríkà ń dé etí òkun Chukotka ju òṣìṣẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà lọ. Ìbọn àti ọtí ni wọ́n ń kó wá, wọ́n sì pa àbùùbùtán àti walrus débi pé ebi wọ àwọn abúlé etí òkun. Ìyẹn wà lára ohun tó ta ìjọba jí. Ní 1889, wọ́n dá ẹkùn Anadyr sílẹ̀, wọ́n rán dókítà kan tó ń jẹ́ Leonid Grinevetsky láti lọ ṣe olórí rẹ̀, ó sì tẹ ìlú kan dó tí wọ́n sọ ní Novo-Mariinsk. Ìlú yẹn ló di Anadyr lónìí. Ní 1909, wọ́n da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ Kamchatka.

Ọ̀rọ̀ Magadan tí ẹ bèèrè ló kàn. Lẹ́yìn tí àwọn Bolshevik, ìyẹn ẹgbẹ́ kọ́múnísì Rọ́ṣíà, gbàjọba, wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ fún àwọn ẹ̀yà kéékèèké àríwá. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 1930, ìwé àṣẹ kan dá àwọn agbègbè tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀yà sílẹ̀: ti Chukchi, ti Koryak, ti Evenk, Taymyr, Yamal àti àwọn mìíràn. Ọjọ́ ìbí Chukotka gẹ́gẹ́ bí ẹkùn ìjọba nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gbé e láti abẹ́ ọ̀gá kan bọ́ sí abẹ́ òmíràn. Ó kọ́kọ́ wà lábẹ́ ẹkùn ńlá Ìlà-Oòrùn Jíjìn. Láàrin àwọn ọdún 1930, ó bọ́ sábẹ́ Kamchatka. Nígbà tí wọ́n pín ẹkùn Ìlà-Oòrùn Jíjìn sí méjì ní 1938, Kamchatka àti Chukotka inú rẹ̀ bọ́ sábẹ́ Khabarovsk. Ní 1951, wọ́n yọ ọ́ kúrò lára Kamchatka, wọ́n so ó mọ́ Khabarovsk tààrà. Ní oṣù Kejìlá 1953, wọ́n dá Magadan sílẹ̀, wọ́n sì fi Chukotka sínú rẹ̀. Lẹ́yìn òfin ìpìlẹ̀ 1977, wọ́n yí orúkọ padà: ohun tó ń jẹ́ agbègbè ẹ̀yà di agbègbè aládàáṣe. Àṣẹ kò yí padà o. Magadan àti Mọ́sìkò ló ń pàṣẹ.

Nígbà tí ìjọba Sófíẹ̀tì ń wó ni Chukotka jà fún òmìnira lọ́wọ́ Magadan. Òfin àpapọ̀ ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 1992 gbà á wọlé sínú àpapọ̀ Rọ́ṣíà tààrà. Magadan kò fẹ́. Ẹjọ́ dé Kóòtù tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀, kóòtù náà sì dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún 1993 pé òfin náà múlẹ̀. Nítorí náà, ìwé tó sọ pé abẹ́ Magadan ni Chukotka wà ń sọ òtítọ́ nípa 1953 sí 1992. Èyí tó ní ó dá dúró ń sọ òtítọ́ nípa òde òní. Lónìí, Chukotka nìkan ni agbègbè aládàáṣe ní gbogbo Rọ́ṣíà tí kò sí nínú ìpínlẹ̀ mìíràn. Àwọn tí wọ́n jọ bí lọ́jọ́ kan náà kò rí bẹ́ẹ̀: Evenk àti Taymyr wọ inú Krasnoyarsk ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2007, Koryak sì dà pọ̀ mọ́ Kamchatka ní oṣù Keje ọdún yẹn. Chukotka ní gómìnà tirẹ̀, ilé aṣòfin tirẹ̀ àti sẹ́nétọ̀ méjì, iye kan náà tí Mọ́sìkò ní.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn àlejò. Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ lọ síbẹ̀. Àwọn àkọ́kọ́ tó pọ̀ níye, ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń jẹ́ Dalstroy, tó ń fi ẹlẹ́wọ̀n wa kùsà ní gbogbo ìlà-oòrùn àríwá, wọ Chukotka nítorí tíìnì àti uranium. Ní òpin àwọn ọdún 1940, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló kọ́ èbúté Egvekinot, àwọn náà ló la títì gba inú ilẹ̀ dídì lọ sí ibi ìwakùsà Iultin, ọ̀nà tó ju igba kìlómítà lọ. Àgọ́ mìíràn wà lẹ́bàá Pevek. Lẹ́yìn tí Stalin kú ní 1953, wọ́n tú àwọn àgọ́ yìí ká díẹ̀díẹ̀, ìjọba sì nílò ohun mìíràn tó lè fa ènìyàn wá. Owó ni.

Bí ètò owó náà ṣe rí rèé. Òfin sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ ní Chukotka di ìlọ́po méjì ti ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà láàrin gbùngbùn Rọ́ṣíà. Lórí ìyẹn, bí òṣìṣẹ́ bá ṣe ń pẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń fi ìdá 10 nínú 100 kún un ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, títí àfikún náà yóò fi tó odindi owó oṣù ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ọdún márùn-ún ṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò fẹ̀yìn tì, bí ó bá ti lo ọdún 15 níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí ilé tó fi sílẹ̀ nílé kò ní bọ́. Ẹ fojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ukraine tó gbọ́ èyí: yóò lọ, yóò ṣiṣẹ́, yóò tọ́jú owó, yóò sì padà lọ ra mọ́tò, kí ó kọ́lé sí ìlú tí oòrùn ti ń ràn. Púpọ̀ nínú wọn kò gbèrò láti kú síbẹ̀. Báyìí ni ìlú ń hù láàrin yìnyín: Bilibino fún wúrà, Iultin fún tíìnì, Pevek fún èbúté, Anadyr fún ọ́fíìsì. Ní Bilibino, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ iná mànàmáná átọ́míìkì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1974, tí ó ń fún ìlú àti àwọn ibi ìwakùsà ní iná àti ooru. Ohun tó ń bọ́ gbogbo wọn, láti èédú dé ẹyin, láti òkèèrè ni ìjọba ti ń kó o wá, owó àpapọ̀ ló sì ń gbé e.

Nígbà tí owó náà dúró, kò sí ohun tó lè mú ìlú dúró. Ní oṣù Kìíní 1992, ìjọba Rọ́ṣíà tú iye owó ọjà sílẹ̀, ọ̀wọ́ngógó sì jẹ gbogbo owó tí àwọn òṣìṣẹ́ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ sí báńkì. Oṣù ń parí, owó oṣù kò dé. Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó oúnjẹ àti epo wá dín kù. Wọ́n ti ibi ìwakùsà pa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí tíìnì tí wọ́n ń fi irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ wà kò lè bá ti ilẹ̀ mìíràn du ọjà. Fúláàtì kò rí olùrà. Bilibino tó ní ènìyàn 15,558 ní 1989 ku 5,506 ní 2010. Pevek kúrò ní 12,915, ó di 4,162. Iultin ò lólùgbé kankan mọ́, àwọn ilé alájà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ láìsí fèrèsé. Anadyr nìkan ló rọra mí, nítorí ibẹ̀ ni ìjọba wà: 17,094 ní 1989, 13,045 ní 2010. Kì í ṣe Chukotka nìkan ni èyí bá o. Magadan, aládùúgbò rẹ̀, wá sílẹ̀ láti nǹkan bí 390,000 ní 1989 sí 182,726 ní 2002.

Ní oṣù Kejìlá 2000, wọ́n dìbò yan Roman Abramovich, olówó epo rọ̀bì, gẹ́gẹ́ bí gómìnà. Títí di 2008 ló wà níbẹ̀. Owó orí àwọn iléeṣẹ́ tó so mọ́ ọn gba Chukotka kọjá, wọ́n tún Anadyr kọ́, wọ́n kọ́ ilé ìwé àti ilé ìwòsàn sí àwọn abúlé, wọ́n sì ran àwọn arúgbó tó fẹ́ padà sílé lọ́wọ́ láti lọ. Ìlú padà gbádùn. Ṣùgbọ́n kò sí gómìnà tó lè dá 1989 padà, n kò sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ ẹ padà. Ìjọba ló kó ogunlọ́gọ̀ yẹn wá, kì í ṣe ilẹ̀ náà ló bí wọn.

Ẹ má rò pé nítorí pé iye àwọn onílé kò yí padà púpọ̀, ara tù wọ́n. Ó dùn mí bí àwọn ìwé kan ṣe ń fò ó. Láti àwọn ọdún 1930 ni ìjọba ti ń gba ẹran lọ́wọ́ àwọn darandaran sínú oko àpapọ̀, tí wọ́n ń kó ọmọ wọn lọ sí ilé ìwé àgbélé, níbi tí èdè Rọ́ṣíà ti gba ẹnu wọn. Ní 2010, àwọn Chukchi tó wà ní gbogbo Rọ́ṣíà jẹ́ 15,908. Àwọn tó sọ pé àwọn gbọ́ èdè náà kò ju 5,095 lọ.

Ẹ wo abúlé Naukan. Orí òkè létí òkun ló wà, níbi tí Éṣíà ti sún mọ́ Amẹ́ríkà jù lọ. Yupik ni àwọn ará ibẹ̀. Òkúta ni wọ́n fi ń mọ ilé, egungun àbùùbùtán wà lára ohun tí wọ́n fi ń kọ́lé, bí ojú ọjọ́ bá sì mọ́, ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ń wo òkè òdìkejì omi. Ní 1948, ìjọba ti kọ́kọ́ kó àwọn ìbátan wọn kúrò lórí erékùṣù tó wà láàrin omi, wọ́n sì ti ẹnu bodè pa, kí ẹnikẹ́ni má bàa bá àwọn ará Aláskà sọ̀rọ̀. Ní 1958, ó kan Naukan fúnra rẹ̀. Wọ́n ní abúlé náà kò lérè, wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ sí Nunyamo àti Lavrentiya, sáàrin àwọn Chukchi tí èdè wọn yàtọ̀. Ní 1977, wọ́n tún pa Nunyamo rẹ́. Ẹni tí wọ́n ti tú nílé lẹ́ẹ̀mejì láàrin ogún ọdún, nínú ìwé ìkànìyàn, ènìyàn kan náà ni: kò dín, kò lé. Ìkànìyàn kò ní àyè tí wọ́n máa ń kọ irú ìyẹn sí. Nígbà tó di oṣù Kẹfà 1988 ni bàálù kan gbéra láti Nome ní Aláskà, ó gbé àwọn Yupik ìhà ibẹ̀ wá sí Provideniya, àwọn àgbàlagbà tí omi là láàrin fún ogójì ọdún sì tún fojú kan ara wọn.

Òfò ẹran náà pọ̀. Ní àwọn ọdún 1970, reindeer tó wà ní Chukotka ju ìdajì mílíọ̀nù lọ. Nígbà tó fi máa di 2001, wọ́n ti já sí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, nítorí oko ìjọba tú, kò sí owó oṣù fún darandaran, wọ́n pa ẹran jẹ, ìkookò pa òmíràn. Ọtí àti ikọ́ ẹ̀gbẹ gba ẹ̀mí púpọ̀ ní àwọn abúlé. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ọdún búburú yẹn dá padà. Láti 1969, ọkọ̀ ojú omi ìjọba kan tó ń jẹ́ Zvezdny ló ń pa àbùùbùtán fún àwọn abúlé, púpọ̀ nínú ẹran náà sì ń lọ sí oko tí wọ́n ti ń sin kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nítorí awọ. Àwọn ọdẹ fúnra wọn ti ń gbàgbé iṣẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ yẹn ṣíwọ́ ní 1992, tí ṣọ́ọ̀bù sì ṣófo, àwọn àgbà tó ṣì rántí mú àwọn ọ̀dọ́ wọ ọkọ̀ kékeré, wọ́n kọ́ wọn bí a ti ń fi ọ̀kọ̀ onírin gún àbùùbùtán. Ní Lorino, abúlé tó tóbi jù láàrin àwọn abúlé etí òkun wọn, wọ́n ṣì ń ṣe é. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àbùùbùtán fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa pa iye kan lọ́dọọdún fún jíjẹ. Bí wọ́n bá ti fa àbùùbùtán náà dé èbúté, gbogbo abúlé ń mú ọ̀bẹ bọ̀.

Ẹ béèrè ohun tí ẹ ó kọ fún àwọn ọmọ. Bó bá jẹ́ èmi, n ó kọ ọdún mẹ́fà sójú pátákó: 1939, 1959, 1970, 1989, 2002, 2010. N ó kọ àpapọ̀ Chukotka síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, n ó sì kọ iye Chukchi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìṣírò ìdá kankan. N ó ní kí àwọn ọmọ ya ìlà méjèèjì sórí páálí kan náà. Ìlà kan yóò gun òkè, yóò sì já wálẹ̀. Ìlà kejì yóò máa lọ gbọọrọ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n wá ṣírò ìdá, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ohun tó ń mú un yí.

Ẹ fi kún un fún wọn pé ààlà Chukotka àti ààlà àwọn Chukchi kò bára mu. Nínú 15,908 tí mo dárúkọ lókè, ó ju 3,000 lọ tí wọn kò gbé ní Chukotka ní 2010. Àwọn kan wà lẹ́bàá odò Kolyma, nínú Yakutia, àwọn mìíràn wà ní àríwá Kamchatka. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú Chukotka, àwọn onílé kò fọ́n ká bákan náà: àwọn ẹ̀yà Rọ́ṣíà ló pọ̀ jù nínú àwọn ìlú mẹ́ta, Anadyr, Bilibino àti Pevek, ṣùgbọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ Chukotsky, tí Lorino àti Lavrentiya wà, àwọn onílé ló pọ̀ jù.

Bí ọmọ kan bá sì béèrè bóyá wọ́n tún lè dà á pọ̀ mọ́ Magadan, ẹ sọ fún un pé òfin tí Rọ́ṣíà ṣe ní 2001 ní kí ẹkùn méjèèjì tó bá fẹ́ dà pọ̀ kọ́kọ́ dìbò lórí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe ní Evenk àti Taymyr ní 2005 nìyẹn. Ní Chukotka, wọn kò tíì dì í.